Káńsẹ́lọ̀ Oṣù Mọ́kànlá: Kí Ni Harvey Milk Rí Ṣe ní San Francisco?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ìjọba ni mí ní Ìbàdàn. Mo kà á pé wọ́n fi orúkọ ọkùnrin kan, Harvey Milk, sọ apá kan pápákọ̀ òfurufú San Francisco. Nígbà tí mo wo ìtàn rẹ̀, mo rí i pé káńsẹ́lọ̀ ni, kò sì lò ju bí oṣù mọ́kànlá lọ lórí àga. Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tiwa, gọ́tà ló ṣèlérí pé òun máa gbẹ́, kò sì tíì gbẹ́ ẹ. Kí ni káńsẹ́lọ̀ lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn LGBT (ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àtàwọn mìíràn bíi wọn) tí orúkọ rẹ̀ fi ní láti tó báyìí? Àbí torí pé wọ́n yìnbọn pa á ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè. Ibi tí o parí sí ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe torí pé wọ́n yìnbọn pa á nìkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n pa Milk, méyọ̀ ìlú náà, George Moscone, ni apànìyàn náà kọ́kọ́ pa. Orúkọ Moscone wà lára gbọ̀ngàn àpérò ńlá kan ní ìlú yẹn títí di òní, síbẹ̀ orúkọ Milk ni ìwọ gbọ́ ní Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ ikú ló ń gbé orúkọ ga, ti méyọ̀ ni ì bá ṣáájú.

Gọ́tà tí o mẹ́nu bà yẹn, má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. A máa padà sórí rẹ̀, torí inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an ni agbára Milk wà.

Kí n sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ tí màá lò. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fi pe ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, èébú ni. Mi ò ní lò ó níbí. Màá pè wọ́n ní LGBT bí ìwọ náà ti pè wọ́n, tàbí kí n kàn sọ ẹni tí ẹnìkan ń fẹ́. Àwọn tí ìtàn yìí dá lé lórí ní ìyá àti bàbá, wọ́n ń wá iṣẹ́, wọ́n ń wá ilé háyà, orí iṣẹ́ àti ilé háyà yẹn sì ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Júù ni Milk. Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n bí i sí ní 1930. Ó ṣiṣẹ́ ológun ojú omi, ó ṣe tíṣà, ó ṣiṣẹ́ owó ní Wall Street. Ó ti lé lógójì ọdún kó tó kó lọ sí San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California, ní 1972. Lọ́dún kejì, òun àti ọkùnrin tó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà kékeré kan sí 575 Castro Street. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ tí ìran wọn ti Ireland wá, tí wọ́n ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì, ni Castro tẹ́lẹ̀. Àwọn ìdílé yẹn ti ń kó lọ sí ẹ̀yìn odi ìlú, àwọn ọ̀dọ́kùnrin LGBT sì ń ra ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ tàbí kí wọ́n háyà rẹ̀. Ìjà kò ṣàì wáyé láàárín onílé àtijọ́ àti àlejò tuntun. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àdúgbò kò fẹ́ gba àwọn tuntun mọ́ra, ni Milk àtàwọn ẹlòmíràn bá dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì ṣe ọjà àjọ̀dún òpópónà ní 1974. Èrò tó wọ́ wá síbẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn oníṣòwò àtijọ́ náà jèrè.

Ọ̀rọ̀ bíà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní àwọn ọdún yẹn, Teamsters, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ akẹ́rù, ń bá àwọn tó ń pín bíà ní ìlú náà jà torí wọn ò fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́. Allan Baird ló ṣáájú ìjà náà, ọmọ bíbí Castro ni, kì í sì í ṣe LGBT. Ó mọ̀ pé ilé ọtí tí àwọn LGBT ń lọ pọ̀ gan-an, ọtí tí wọ́n bá kọ̀ kò ní tà. Ó tọ Milk lọ pé kó bá òun bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má ta bíà Coors mọ́. Milk ní òun á ṣe é, ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ náà máa gba àwọn LGBT síṣẹ́ awakọ̀. Baird gbà. Coors kúrò nínú ilé ọtí kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọn LGBT sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ẹgbẹ́. Nígbà tí Milk tún dupò ní 1975, àwọn awakọ̀, àwọn panápaná àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tì í lẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin alágbára tí gbogbo ayé rò pé wọ́n á kọ́kọ́ lé e jáde ni. Ẹ̀tọ́ wọn ló kọ́kọ́ bá wọn jà fún, láti ẹnu ọ̀nà ilé ọtí kan sí òmíràn.

Síbẹ̀ ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ní 1973, ipò kẹwàá ló ṣe nínú olùdíje méjìlélọ́gbọ̀n tó du ipò káńsẹ́lọ̀. Ní 1975, ipò keje. Ní 1976, Moscone yàn án sínú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò níbẹ̀ kí méyọ̀ tó yọ ọ́, torí ó kéde pé òun fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ìyẹn náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà jẹ́ ètò ìdìbò, ìwọ tí o ń kọ́ ètò ìjọba sì gbọ́dọ̀ fi ojú sí i. Títí di ìgbà yẹn, gbogbo ìlú ló ń dìbò fún gbogbo káńsẹ́lọ̀ mọ́kànlá. Ẹni tó bá lówó láti polówó ara rẹ̀ káàkiri ìlú ló ń wọlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1976, àwọn ará ìlú dìbò pé kí wọ́n pín San Francisco sí wọ́ọ̀dù mọ́kànlá, kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yan ẹni tirẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, Milk jáwé olúborí ní Wọ́ọ̀dù Karùn-ún, níbi tí Castro wà. Ìbò kan náà ló gbé Gordon Lau wọlé, ọmọ ìran Ṣáínà àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn síbẹ̀, àti Ella Hill Hutch, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Ẹni tí ìlú lápapọ̀ kò mọ̀, àdúgbò rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

O lè kà á níbìkan pé Milk ni LGBT àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn ní Amẹ́ríkà láìfi ara pamọ́. Kì í ṣe òun. Kathy Kozachenko ti wọ ìgbìmọ̀ ìlú Ann Arbor ní 1974, Elaine Noble sì wọ ilé aṣòfin Massachusetts lọ́dún kan náà. Àwọn obìnrin méjì yẹn ló là ọ̀nà, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé wọn. Ní California ni Milk ti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́.

Wàyí o, kí ni àga káńsẹ́lọ̀ lè ṣe, kí ni kò lè ṣe?

Káńsẹ́lọ̀ kò lè sọ pé ohun tí ìpínlẹ̀ pè ní ọ̀ràn kì í ṣe ọ̀ràn mọ́. Títí di òpin ọdún 1975, òfin California ṣì lè sọ ọkùnrin méjì tó bára wọn lò pọ̀ sẹ́wọ̀n, kódà nínú yàrá ara wọn. Sacramento, olú ìlú ìpínlẹ̀, ni wọ́n ti yí ìyẹn padà. Aṣòfin kan, Willie Brown, ló gbé àbá òfin náà kalẹ̀. Nígbà tó dé ilé aṣòfin àgbà, Moscone, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀ kó tó di méyọ̀, ló tì í síwájú. Ìbò ta ọ̀mì, ogún sí ogún. Moscone kò jẹ́ kí ìjókòó tú ká títí igbákejì gómìnà, Mervyn Dymally, fi bá ọkọ̀ òfurufú dé láti Denver, tó sì fi ìbò tirẹ̀ já ọ̀mì náà. Nígbà tí Milk dé orí àga, kò sí ẹ̀wọ̀n yẹn mọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ni pé ọ̀gá iṣẹ́ lè lé ọ, onílé lè kó ẹrù rẹ síta, torí ẹni tí o ń fẹ́. Ìyẹn wà ní ìkáwọ́ ìlú.

Ibí ni ìyàtọ̀ tiwa wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá fún ẹni tó bá bá akọ tàbí abo bíi tirẹ̀ ṣègbéyàwó, àti ọdún mẹ́wàá fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tì í lẹ́yìn. Ìwé òfin ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa sì ti wà ṣáájú ìyẹn. Ìwé òfin ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, ilé ìpẹran, kíkó pàǹtí, sísọ orúkọ òpópónà. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí káńsẹ́lọ̀ rẹ lè dì mú láti fi dá ohun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe dúró. Nítorí náà, má fi Milk wọn káńsẹ́lọ̀ rẹ lórí òfin. Lórí gọ́tà, o lè fi wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó gbìyànjú láti kọjá ààlà yẹn ní San Francisco fúnra rẹ̀ ni Gavin Newsom. Ní oṣù kejì ọdún 2004, kò tíì pẹ́ tó di méyọ̀ tó fi ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú máa fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì ní ìwé ìgbéyàwó. Del Martin, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, àti Phyllis Lyon, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí wọ́n ti jọ ń gbé láti bí àádọ́ta ọdún, ni wọ́n kọ́kọ́ so pọ̀. Nǹkan bí ẹgbàajì tọkọtaya ló gba ìwé kí oṣù kan tó pé. Ní oṣù kẹjọ, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California fagi lé gbogbo wọn, pé méyọ̀ kò ní agbára láti fúnra rẹ̀ pinnu pé òfin ìpínlẹ̀ kò bá ìwé òfin ńlá mu. Mi ò dá Newsom lẹ́bi. Àwọn ará ìlú rí ojú Del àti Phyllis nínú ìwé ìròyìn, ẹjọ́ tó tìdí rẹ̀ yọ ló sì mú kí ilé ẹjọ́ kan náà fàyè gba ìgbéyàwó náà ní 2008. Àwọn obìnrin méjèèjì tún ṣègbéyàwó ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Del kú ní oṣù kẹjọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1978. Milk gbé àbá òfin kalẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lé ènìyàn níṣẹ́, kọ̀ láti fún un nílé háyà, tàbí kọ̀ láti dá a lóhùn ní ilé ìtajà, torí pé ó jẹ́ LGBT. Nínú gbogbo káńsẹ́lọ̀, Dan White nìkan ló dìbò takò ó. Moscone bu ọwọ́ lù ú ní oṣù kẹrin, bírò aláwọ̀ búlúù tí Milk fún un ló fi bù ú. Kò sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ilé, iṣẹ́, ọjà: ibi tí ìyà ti ń jẹni lójoojúmọ́ ló fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn náà ló kan òfin ìgbẹ́ ajá. Àwọn ará San Francisco fẹ́ràn ajá, ìgbẹ́ ajá sì kún ojú ọ̀nà. Milk mú òfin wá pé kí ẹni tó ni ajá máa kó ìgbẹ́ rẹ̀. Ó pe àwọn oníròyìn sí ọgbà ìṣeré kan, ó ń ṣàlàyé òfin náà fún wọn, ó sì fi bàtà rẹ̀ tẹ ìgbẹ́ ajá níwájú kámẹ́rà. Ó ti mọ ibi tí ìgbẹ́ náà wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló gbé e, lẹ́tà tí àwọn ará ìlú kọ sí i lórí rẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra. Gọ́tà rẹ nìyí, àbúrò. Ìyá àgbà tí kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa LGBT mọ̀ pé káńsẹ́lọ̀ yìí ló jẹ́ kí òun lè rìn lójú ọ̀nà láìwo ilẹ̀. Ìgbà míì tó bá tún sọ̀rọ̀, ìyá náà á kọ́kọ́ tẹ́tí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìjọba ìbílẹ̀, mi ò sì tíì rí olóṣèlú mìíràn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ kékeré ló ń ra etí ènìyàn fún iṣẹ́ ńlá.

Iṣẹ́ ńlá náà dé lọ́dún yẹn kan náà. Ní 1977, ní àgbègbè Miami, akọrin kan tó ń jẹ́ Anita Bryant ti ṣáájú àwọn tó fi ìbò fagi lé òfin tó dáàbò bo àwọn LGBT níbẹ̀, pé àwọn ọmọdé ni àwọn ń gbà là. Aṣòfin ìpínlẹ̀ kan ní California, John Briggs, rí i pé ọ̀nà yẹn mú ìbò wá. Ó kó ìbùwọ́lùwé jọ fún Àbá Kẹfà: kí wọ́n lé olùkọ́ tó bá jẹ́ LGBT kúrò ní ilé ìwé ìjọba, kí wọ́n sì lè lé olùkọ́ èyíkéyìí tó bá gbè sẹ́yìn wọn ní gbangba. Ṣé o rí apá kejì yẹn? Tíṣà tó ti ṣègbéyàwó, tó bímọ mẹ́rin, lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ torí ohun tó sọ.

Milk àti Sally Gearhart, olùkọ́ yunifásítì tó ń fẹ́ obìnrin, gbéra láti bá Briggs jiyàn, lórí tẹlifíṣọ̀n àti ní àwọn ìlú tí kò sẹ́ni tó fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó nira jù, àwọn LGBT fúnra wọn ni Milk béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ìwọ́de oṣù kẹfà ọdún 1978, níwájú ogunlọ́gọ̀, ó ní kí wọ́n lọ sọ fún òbí wọn, fún mọ̀lẹ́bí, fún ọ̀rẹ́, fún aládùúgbò àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ̀ pé àbúrò òun ni wọ́n ń sọ kò ní gba irọ́ gbọ́ mọ́. Mo máa ń ronú lórí ohun tí èyí ná wọn. Àwọn kan pàdánù bàbá, àwọn kan pàdánù ìyá. Milk fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ han ìyá rẹ̀ títí ìyá náà fi kú.

Ìwádìí èrò ará ìlú níbẹ̀rẹ̀ fi hàn pé Àbá Kẹfà máa wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn olùkọ́ dìde takò ó. Ronald Reagan, gómìnà àná tó ń múra láti di ààrẹ, tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń rọ̀ mọ́ àṣà àtijọ́ jù ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé jíjẹ́ LGBT kì í ṣe àrùn tó ń ranni bíi sàráńpá. Ààrẹ Carter náà ní kí wọ́n dìbò takò ó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, Àbá Kẹfà ṣubú pẹ̀lú ìyàtọ̀ ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan.

Ogún ọjọ́ péré ló kù fún Milk láyé.

Dan White, ọlọ́pàá àti panápaná tẹ́lẹ̀, fi ipò káńsẹ́lọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù yẹn, pé owó oṣù ibẹ̀ kò tó òun bọ́ ìdílé. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ padà. Moscone kọ̀, Milk sì wà lára àwọn tó sọ fún un pé kó má gbà á. Ní ọjọ́ 27, White gba ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ wọ ilé ìjọba ìlú kí ẹ̀rọ tó ń wá irin má baà mú ìbọn ara rẹ̀. Ó pa Moscone nínú ọ́fíìsì, ó tún ìbọn kì, ó rìn gba ìhà kejì lọ, ó sì pa Milk. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mú àbẹ́là rìn láti Castro dé iwájú ilé ìjọba ìlú. Milk ti retí pé wọ́n lè pa òun. Lọ́dún tó ṣáájú, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó wọlé ìbò, ó ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbọ́ ọ bí wọ́n bá pa òun, ó sì dárúkọ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n gba ipò òun.

Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1979, ilé ẹjọ́ ní White kò jẹ̀bi ìpànìyàn pẹ̀lú ètò. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje àti oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fún un, bí ọdún márùn-ún ló sì lò níbẹ̀. Ìbínú gba ìlú, wọ́n sun ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ọjọ́ kejì ni Milk ì bá pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.

Harry Britt, ọ̀kan nínú àwọn tí kásẹ́ẹ̀tì náà dárúkọ, ló gba àga rẹ̀. Britt fẹ́ kí ìlú gba orúkọ àwọn méjì tí wọ́n jọ ń gbé bí tọkọtaya láìsí ìwé ìgbéyàwó. Dianne Feinstein, tó di méyọ̀ lẹ́yìn Moscone, kọ̀ láti bu ọwọ́ lù ú ní 1982, àwọn ará ìlú fi ìbò dà á nù ní 1989, wọ́n gbà á ní 1990. Nígbà tó di 1996, ìgbìmọ̀ ìlú wá fi owó ṣe é: ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba kọntíráàtì lọ́wọ́ ìlú gbọ́dọ̀ fún ẹni tí òṣìṣẹ́ LGBT jọ ń gbé ní ànfààní tó ń fún ìyàwó àti ọkọ.

Pápákọ̀ òfurufú tí o bi mí léèrè, ohun ìní ìlú San Francisco ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ààlà ìlú ló wà. Òfin náà kan àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń háyà ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé ìlú lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì gé apá kan òfin náà kúrò fún wọn, ṣùgbọ́n ní 1999 United, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà, kéde pé òun máa fún àwọn òṣìṣẹ́ òun ní ànfààní náà. Nígbà tí wọ́n ṣí apá tuntun Terminal 1 ní oṣù keje ọdún 2019, tí wọ́n kọ orúkọ Harvey Milk sára rẹ̀, ó ti tó ogún ọdún tí ẹni tó ń gbé ẹrù sínú ọkọ̀ United níbẹ̀ ti lè kọ orúkọ ọkùnrin tó ń bá gbé sínú ìwé ìtọ́jú ìlera rẹ̀.